Odindi Ọ̀rọ̀ Ni Kí Ẹ Bá Ọmọ Wa Sọ

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi." Inú òwe yìí ni gbogbo wa dàgbà sí. Bàbá ń pa á, ìyá ń pa á, tíṣà ń pa á, alága ìjókòó ń pa á níbi ìgbéyàwó. Òwe gidi ni, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun kan: ọmọ tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú rẹ̀, tó sì wà ní àbọ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọmọlúàbí ni?

Àwa tí a bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọlúàbí ni. Ẹni tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, tó sì gbé ìdajì yòókù mì, òun ló jẹ gbèsè. Ó yẹ kó san án.

Ọmọkùnrin ni ọmọ wa, ọmọ ọdún méje ni, Ìbàdàn la sì ń gbé. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún kí àwọn dókítà tó sọ fún wa pé ohun tí wọ́n ń pè ní Asperger tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kó sábẹ́ autism báyìí, ló ní. Ó ń sọ̀rọ̀ geerege. Ó ti ń dá ìwé kà kó tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń wọkọ̀ láti Ìwó Róòdù dé Dùgbẹ̀, á ka gbogbo ibùdókọ̀ fún yín, kò ní fo ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé "mo ń bọ̀", kí ẹ wá kẹ́yìn sí i kí ẹ máa lọ. Wàhálà ti dé nìyẹn.

Ẹ rò ó wò ná. Àwa Yorùbá nìkan kọ́ là ń ṣe é, àmọ́ a mọ̀ ọ́n ṣe: ìgbà tí a bá ń lọ gan-an la máa ń sọ pé "mo ń bọ̀". Ọmọ wa wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú, ó ní, "Ẹ ò bọ̀, ẹ ń lọ ni." Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ sọ. Àfojúdi ni wọ́n pè é.

Aládùúgbò ń jẹun lójúde, ó ní, "Ẹ wá jẹun o." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ìdáhùn rẹ̀: ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní á gba ibi ire, ẹ ó kọjá lọ. Ta ló kọ́ yín? Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì yín kó kọ́ yín, ẹ kàn gbà á láti ara afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ wa lọ fọ ọwọ́, ó sì jókòó. Wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni.

Ojú ìyá wá ńkọ́? Àlejò mú bisikíìtì jáde, ìyá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, o ti mọ̀ pé kí o sọ pé o ti yó. Ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe fídíò rẹ̀ lórí TikTok, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ wa ò gbọ́ èdè ojú. Bí ẹ bá fi ojú sọ fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bisikíìtì ni yóò máa jẹ. Ẹnìkan fi ìbínú bi í pé, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó fara balẹ̀ dáhùn: "Ó pé. Ẹyọ kan ni." Ìgbátí ló fẹ́ gbà fún ìdáhùn yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ pé a wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí nǹkan yìí jẹ́ ní odindi, kí a má baà di ọ̀kan nínú àwọn tí a ń bá wí. Ohun tí àwọn ọmọ mìíràn ń kọ́ nípa wíwò lásán, ọmọ bíi tiwa ní láti fi ọ̀rọ̀ kọ́ ọ. Ariwo tí ẹ̀yin ń gbọ́ tí ẹ ń jó sí lè máa ta á létí bí abẹ́rẹ́. Bí ètò ọjọ́ kan bá yí padà láìsọ tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Bó bá fẹ́ràn ohun kan, á mọ̀ ọ́n dé egungun. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ibà tí a ó lo oògùn sí tí yóò lọ. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ò tọ́ ọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á: ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tó tẹ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn jáde ní 1998 ti fagi lé e fúnra rẹ̀ ní 2010.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yẹ kí ẹ mọ̀. Hans Asperger, dókítà ọmọdé ní ìlú Vienna, kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ yìí ní 1944. Ní 1981, Lorna Wing, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà bí ọmọbìnrin tó ní autism, ló jẹ́ kí ayé mọ orúkọ náà. Ó wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1994. Ní 2013 wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ autism. Nígbà tó di 2018, Herwig Czech, òpìtàn ará Austria, gbé ìwé ẹ̀rí jáde pé Asperger fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, ilé tí ìjọba Násì ti ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò lè wúlò fún ìlú. Èyí tó gbọ́n, wọ́n gbè é. Èyí tí kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ikú.

A ṣì ń dárúkọ Asperger níbí nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ òbí gbọ́, òun sì ni wọ́n ń tẹ̀ sórí fóònù láàárín òru nígbà tí wọ́n bá ń wá ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni bí oyè. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n á ní, "Tiwa kì í ṣe autism o, Asperger ni, ó mọ̀wé." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ tù wá nínú á ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Elon Musk náà ní i." Lóòótọ́, Musk sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn ní 2021. Kí ló kàn wá? Bí ọmọ wa bá dàgbà tó ń ta páànù ní Ògùnpa, ṣé kò ní yẹ fún sùúrù mọ́ nìyẹn? Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rárá, tí kò mọ ibùdókọ̀ kankan, ṣé kí wọ́n wá fi òun ránṣẹ́ síbòmíràn? Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ọmọ ṣe owó ìrànlọ́wọ́, ó ti ń tọ ọ̀nà Vienna lọ láìmọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ kì í ṣe èrè làákàyè.

Ó wá ku àwọn tó ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwa òbí.

Àwọn àgbà ilé ni àkọ́kọ́. "Ẹ nà án dáadáa, á gbọ́." Á gbọ́ kí ni? Ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá nà án, ìrora nìkan ló máa mọ̀ kún un. Ìbéèrè rẹ̀ ò yí padà.

Àwọn tó ní ẹ̀mí kan ló ń bá a jà ló tẹ̀ lé wọn. A ò bá àdúrà jà. Ilé wa ni a ti ń gbàdúrà, ojoojúmọ́ sì ni. Ẹni tí a ń bá jà ni ẹni tó bá wo ọmọ tó di etí rẹ̀ nítorí gbohùngbohùn, tí kò yí ohùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀, àmọ́ tó ń pariwo sí i pé kí ẹ̀mí náà jáde. Ohùn yẹn ló fẹ́ kó jáde, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ilé ìwòsàn náà wà ńbẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí a lọ, wọ́n ní, "Ó kúkú ń sọ̀rọ̀, kí lẹ tún ń wá? Á dàgbà kúrò ńbẹ̀." Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wa. Oṣù mọ́kànlá la fi ń rìn kiri kí a tó rí ẹni tó jókòó tì í, tó bá a ṣeré, tó bi wá ní ìbéèrè nípa ìgbà tó ti wà ní jòjòló. Ìdí kan wà tó fi rọrùn láti má rí ọmọ bíi tiwa nílẹ̀ wa. Ìwé àwọn òyìnbó ní kí ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ọmọ ń wo èèyàn lójú. Nílé Yorùbá, ọmọ tó bá doríkọdò nígbà tí àgbà ń bá a wí, wọ́n á ní ó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó bá tún ń sọ̀rọ̀ bí ìwé, wọ́n á ní àgbà kékeré ni. Àmì náà wà lójú gbogbo ayé, ẹ̀kọ́ ilé bò ó mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí dókítà wa mọ èyí ju dókítà London lọ.

Ilé ìwé ló kẹ́yìn. Ilé ìwé aládàáni kan sọ fún wa pé, "Ọmọ yín ò bá ibí mu." Kí ló ṣe? Ó sọ fún tíṣà níwájú kíláàsì pé lẹ́tà kan kù nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sójú pátákó. Ó sì ń sá sábẹ́ tábìlì tí agogo bá ti dún. Nítorí ìyẹn, kó máa lọ. Ilé ìwé mìíràn gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a fi owó tiwa gba olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa jókòó tì í, owó náà sì ju owó ilé ìwé lọ. Ẹni tí kò ní i ńkọ́? Ọmọ tirẹ̀ á jókòó sílé nìyẹn, wọ́n á sì ní olórí kunkun ni.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé òfin ti sọ odindi ọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin orílẹ̀-èdè tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ẹ lọ kà á, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn títí dé ilé ìwé gíráámà. Ó ní gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n wọlé, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn. Ó tún ní owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀: mílíọ̀nù kan náírà fún ilé iṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà fún ẹnìkan tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Kò sí àbọ̀ nínú ìyẹn. Ẹ wá wọ ilé ìwé ìjọba tó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ bèèrè ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà. Ẹ bá wa kí i tí ẹ bá rí i.

Kò sì kúkú sí pé kò sí ẹni tó lè ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ níbí láti 1977. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, ó tún ní ibùdó tó dá dúró fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ń jáde lọ́dọọdún, wọ́n ń wáṣẹ́. Àwọn ọmọ sì wà nílé, wọ́n ń wá tíṣà. Ohun tó kù ò ju kí ẹni tó di ìwé ìgbanisíṣẹ́ mú so wọ́n pọ̀. Títí di ìgbà yẹn, àwọn òbí ló ń dá a ṣe. Patrick Speech and Languages Centre tó wà ní Ìkẹjà, ìyá kan tí ọmọ tirẹ̀ ní autism ló dá a sílẹ̀. A kí wọn kú iṣẹ́. Àmọ́ kò yẹ kí ìyá kan kọ́ odindi ilé ìwé kí ọmọ tirẹ̀ tó lè rí ìjókòó.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò: aláàbọ̀ ara. Kí ló jẹ́ àbọ̀ lára ọmọ wa? Ara rẹ̀ pé, orí rẹ̀ pé, ó ti sọ fún yín pé ẹyọ kan ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá a sọ ló jẹ́ àbọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ayé ò ní dúró dè é. Bí ẹ bá ń túmọ̀ gbogbo nǹkan fún un, ìgbà wo ni yóò gbọ́n?" Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára, a ò ní fojú pa á rẹ́. Ìdáhùn wa ni pé ìtumọ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ tí a sọ fún un pé, "Bí ẹnìkan bá ní 'mo ń bọ̀' tó sì ń lọ, ohun tó ń sọ ni pé òun á padà wá láìpẹ́," ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò sunkún mọ́. Ní ọjọ́ tí a ṣàlàyé pé "ẹ wá jẹun" tí èèyàn sọ lójúde, ìkíni ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé kan tó ní fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní báyìí ó máa ń dáhùn pé á gba ibi ire, ohùn rẹ̀ á dún bí ti bàbá àgbà. Ìṣẹ́jú méjì ni àlàyé gbà. Ẹgba tí wọ́n ní kí a máa nà án ìbá gba ọdún mẹ́wàá, kò sì ní kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ̀wẹ̀, ta ló sọ pé òun nìkan ni kò gbọ́ èdè? Damian Milton, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ní autism, kọ ọ́ ní 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, ọ̀nà méjì ló ní: àwọn ò gbọ́ yín, ẹ̀yin náà ò gbọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ wa bá ń ka ibùdókọ̀ fún yín, ìfẹ́ ló ń fi hàn. Mélòó nínú yín ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ sọ́fítíwià la fi ń jẹun nílé wa. Nínú iṣẹ́ yìí, bí èèyàn mẹ́wàá bá ṣí ojú ewé tí a kọ, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀, a kì í ní orí wọn ò pé. Ojú ewé yẹn la máa tún ṣe. A ò fi ọmọ wa wé ẹ̀rọ o, ọmọ èèyàn ni. Ìwà àti ìṣe àwùjọ wa la ń fi wé ojú ewé tí kò ní àlàyé. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣìnà nínú rẹ̀, a máa ń bú ẹni náà, a kì í bi ara wa léèrè bóyá àkọlé wà lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á tún ní àṣà òyìnbó la fẹ́ kó wọ̀lú. Rárá o. Ní 1954, ní Aro l'Ábẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo ṣe ohun tí ayé wá kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: dípò kí wọ́n ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn mọ́lé, inú abúlé ni ó fi wọ́n sí, pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n á sì máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Autism kì í ṣe wèrè, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ilẹ̀ Yorùbá ló fi han ayé pé àdúgbò lè jẹ́ ìtọ́jú. Ìran wa ló ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí ló kàn.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ò gba owó. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe nǹkan, ẹ sọ nǹkan náà tààrà: ẹ má sọ pé "ilé yìí mà dọ̀tí o", ẹ sọ pé "jọ̀ọ́, gbá ilẹ̀". Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀, ẹ sọ pé rárá; ẹ má sọ pé "a máa wò ó". Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀ tàbí gbohùngbohùn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un. Bí ètò bá máa yí, ẹ jẹ́ kó tètè mọ̀. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ẹ fojú kàn án, ẹ jẹ́ kó juwọ́ sí yín, ìkíni ni. Bí ẹ bá jẹ́ tíṣà, ẹ kọ ètò ọjọ́ sójú pátákó, gbogbo kíláàsì ló máa jàǹfààní rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí bíi tiwa, ẹ wá jókòó tì í fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ ṣí òfin náà.

Tí ẹnìkan bá sì tún sọ níṣojú yín pé ọmọ kan ò lẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé kò gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdajì yòókù ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún un?"